Tapólì Ẹ̀yìnkùlé

Ìjì tí ó ká òrùlé yàrá Màmá kò pẹ́ rárá. Ní ìrọ̀lẹ́ ni ó dé, bí àwọn ènìyàn ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ó ká páànù náà láti igun kan bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ká ẹní, ó gbé e fò kọjá àgbàlá, ó sì tẹ́ ẹ sójú títì, níbi tí àwọn ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún un. Lẹ́yìn náà ni ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ògiri dúró síbẹ̀ láìmì. Ohun tí gbogbo ènìyàn rí nìyẹn, òun náà ni wọ́n sì tìtorí rẹ̀ dúpẹ́: òrùlé lọ, ògiri kù.

Ilé kékeré oníyàrá méjì ni. Káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀, tí ó jẹ́ aránṣọ, ń sùn ní yàrá iwájú, láàárín àwọn pákó iṣẹ́ ọkọ. Yàrá ẹ̀yìn jẹ́ ti ìyá Káfíńtà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Bàbá Káfíńtà ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ilé náà, búlọ́ọ̀kù alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú. Màmá ni ó pọn omi tí wọ́n fi po amọ̀ rẹ̀, nígbà tí oyún Káfíńtà ṣì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá dábàá pé kí wọ́n kúkú wó yàrá ẹ̀yìn, kí wọ́n tún un kọ́, ojú Màmá a le bí ẹni pé wọ́n ní kí wọ́n lọ hú òkú ọkọ rẹ̀.

"Ògiri tí ò ṣe yín ní nǹkan kan," ni yóò wí. "Páànù ló sá lọ. Ẹ lọ wá páànù, kí ẹ fi ògiri sílẹ̀."

Káfíńtà fara mọ́ ọn. Ó ní òun yóò kan òrùlé tuntun bí ọwọ́ bá ti dilẹ̀ díẹ̀. Òrùlé kíkàn gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjì kan náà ti ká òrùlé púpọ̀ káàkiri, àwọn onílé wọ̀nyẹn sì ń ké sí i láàárọ̀, wọ́n ń ké sí i ní ìrọ̀lẹ́. Ó tọ́ kí á sọ ọ́ pé kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹni tí iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn wọ̀ lọ́rùn ni, tí ó sì gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ti ilé òun kò ní sá lọ.

Awakọ̀, aládùúgbò wọn tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu wíwa ọkọ̀ akẹ́rù, ni ó yá wọn ní tapólì. Aṣọ ńlá aláwọ̀ ewé ni, oòrùn ti jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ ṣá, ó nípọn bí awọ, irin róbótó-róbótó sì yí etí rẹ̀ ká níbi tí okùn ń gbà kọjá. Òórùn epo ọkọ̀ àti ti àgbàdo gbígbẹ ṣì ń yọ lára rẹ̀.

"Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lọ́dọ̀ yín o," ni Awakọ̀ wí. "Aya mi ni tapólì yìí. Ó ti bá mi sùn ju ìyàwó ilé lọ."

"Abájọ tó fi rí jákujàku báyìí," ni Màmá dá a lóhùn láti orí àpótí tí wọ́n gbé e jókòó lé. Awakọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Wọ́n kọ́kọ́ ta tapólì náà bo orí yàrá ẹ̀yìn fúnra rẹ̀. Inú yàrá gbóná bí ààrò. Màmá lo ọ̀sán kan ṣoṣo níbẹ̀, ó ní kí wọ́n tètè gbé òun jáde kí òun tó jinná. Báyìí ni wọ́n ṣe kó ẹrù rẹ̀ síta, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá náà, tí wọ́n sì ta tapólì sí ẹ̀yìnkùlé. Káfíńtà kan ìkọ́ irin mọ́ òkè ògiri ẹ̀yìn lápá òde, ó so etí kan tapólì mọ́ ọn. Ó ri àwọn òpó igi mọ́lẹ̀ lódìkejì, ó so etí kejì mọ́ wọn. Ó gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sábẹ́ etí náà, kí omi tí ó bá ń kán lè gba ibẹ̀ ṣàn lọ sí títì. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì Màmá ti ògiri, nítorí pé ibẹ̀ ni ó tutù jù lọ́sàn-án. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà láàárín, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára, ìdáná sì wà lẹ́bàá àwọn òpó.

Ẹni tí ó bá wo ètò yìí láìṣe ojúsàájú kò ní pẹ́ rí àṣìṣe inú rẹ̀. Wọ́n kó Màmá kúrò nínú yàrá tí òrùlé rẹ̀ ti lọ, wọ́n sì so òrùlé rẹ̀ tuntun mọ́ ògiri yàrá kan náà, láì béèrè bóyá òrùlé àtijọ́ ni ó ń di ògiri ọ̀hún mú tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń wo ilé ara rẹ̀ láìṣe ojúsàájú?

Awakọ̀ kọ́ Aránṣọ ní ìtọ́jú tapólì bí ẹni ń fa ọmọ lé alágbàtọ́ lọ́wọ́. Ó ní ní ìgbà òjò, kí wọ́n má ta á ní pẹrẹsẹ, kí wọ́n rẹ ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ kí omi lè rí ọ̀nà lọ. "Tí ẹ bá jẹ́ kómi gbá jọ sí i láàárín, á lóyún. Tó bá sì máa bí, orí yín ló máa bí i sí." Ní ìgbà ọyẹ́, kí wọ́n fà á wálẹ̀ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, kí afẹ́fẹ́ gbígbẹ má bàa ráyè wọlé. Ní ìgbà ooru, kí wọ́n gbé e sókè réré, kí abẹ́ rẹ̀ lè mí. Káfíńtà gbọ́ èyí, ó sì gé ojú mẹ́ta sára òpó kọ̀ọ̀kan, ti òjò, ti ọyẹ́ àti ti ooru, kí okùn lè máa jókòó sí ibi tí ó yẹ ní àsìkò tí ó yẹ.

"Ṣùgbọ́n okùn lẹ ò gbọdọ̀ fojú fò," ni Awakọ̀ fi kún un. "Tó bá ti dẹ̀, ẹ fà á le lọ́jọ́ náà. Tapólì tó bá dẹ̀ ò ní pẹ́ ya."

Láti ọjọ́ náà ni okùn ti di iṣẹ́ Aránṣọ.

Ní ìgbà òjò yẹn, gbogbo nǹkan lọ bí Awakọ̀ ṣe wí. Omi ń ṣàn lórí tapólì, ó ń kán sínú kòtò, kòtò sì ń gbé e lọ. Abẹ́ rẹ̀ gbẹ fúrúfúrú. Àwọn oníbàárà Aránṣọ fẹ́ràn ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í fẹ́ tètè lọ bí wọ́n bá ti gba aṣọ wọn tán. Màmá a gbé ẹ̀yìn ti ògiri rẹ̀, a máa fún gbogbo wọn ní ìmọ̀ràn tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè.

"Èyí tó fún aṣọ mọ́ra yìí," ni yóò wí, "kí ló fẹ́ fi hàn wá gan-an?"

"Màmá, ó ń gbọ́ yín o," ni Aránṣọ yóò sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Kí ló dé tí mo fi ń pariwo, bí kò ṣe kó lè gbọ́?"

Ṣùgbọ́n okùn ń dẹ̀. Bí òjò ńlá kan bá ti rọ̀, Aránṣọ a bá tapólì tí ó ti sọ̀ wálẹ̀ láàárín, a sì lọ síbi òpó, a tú kókó okùn, a fà á títí tapólì yóò fi nà, a tún un so. Ó bi ọkọ rẹ̀ léèrè.

"Ìwúwo omi ni," ni Káfíńtà wí. "Omi wúwo ju bí o ṣe rò lọ. Ó ń fa okùn gùn ni."

Òótọ́ ni. Aránṣọ tún okùn fà.

Ní àsìkò yìí kan náà ni àwọn ọ̀pọ̀lọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké nínú yàrá ẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó ẹrù jáde, ẹnikẹ́ni kò sì ní ohun tí ó fẹ́ lọ mú níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ohùn wọn a máa gba orí ògiri jáde wá sí abẹ́ tapólì.

"Àwọn ayálégbé mi ti dé," ni Màmá wí.

"Ẹ lé wọn jáde," ni Káfíńtà dá a lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Kí ni wọ́n ṣe fún ọ? Wọn ò bá mi jà, wọn ò ní kí n fún àwọn lóúnjẹ. Wọ́n sàn ju ọmọ àwọn kan lọ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kò sí èyí tí ó bi ara rẹ̀ nínú wọn pé irú ibo ni ọ̀pọ̀lọ́ fi ń ṣe ilé.

Òjò lọ, ọyẹ́ dé. Eruku bo ojú ọ̀run, ètè gbogbo ènìyàn sán, inú ẹ̀rọ ìránṣọ sì ń dún gbígbẹ bí ẹni ń fi eyín họ egungun. Aránṣọ fa tapólì wálẹ̀ sí ojú kejì lára òpó. Màmá ká jọ sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó ní òun ti di ẹrù tí Awakọ̀ gbàgbé sínú ọkọ̀. Nísinsìnyí kò sí omi kankan lórí tapólì. Síbẹ̀, okùn dẹ̀.

"Igi ni," ni Káfíńtà wí. "Òpó yẹn ṣì tutù nígbà tí mo rì í. Ó ti gbẹ báyìí, ó ti kéré sí ihò rẹ̀. Wò ó." Ó di òpó náà mú, ó mì í. Òpó mì díẹ̀ lóòótọ́. Ó fi òkúta há ìdí rẹ̀, ó sì lọ sí ibi iṣẹ́.

Ìgbà ooru dé. Tapólì gòkè lọ sí ojú kẹta, ó ga réré. Abẹ́ rẹ̀ dùn, afẹ́fẹ́ sì ń gba ibẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Okùn tún dẹ̀.

"Oòrùn ni. Fọwọ́ kàn án, ṣé o ò rí bó ṣe rọ̀? Rọ́bà ni wọ́n fi ṣe okùn yìí. Ó ń yọ́."

Aránṣọ fọwọ́ kàn án. Ó rọ̀ lóòótọ́.

Ohun tí ó léwu jù nínú àwọn ìdí wọ̀nyí ni pé òótọ́ ni gbogbo wọn. Omi wúwo, igi a máa gbẹ, oòrùn a sì máa sọ okùn di rírọ̀. Ká ní irọ́ ni Káfíńtà ń pa, ìyàwó rẹ̀ ìbá ti mú un, nítorí pé irọ́ kì í pẹ́ hàn lójú ọkùnrin yẹn. Ṣùgbọ́n ìdí tí ó bá ti jẹ́ òótọ́ a máa mú kí ènìyàn dáwọ́ ìbéèrè dúró. Ìgbà kọ̀ọ̀kan dé, ó jẹ́rìí tirẹ̀, ó sì lọ; ìgbà tí ó tẹ̀ lé e bọ́ sí ipò rẹ̀, òun náà jẹ́rìí. Kò sí ẹni tí ó pe gbogbo wọn jọ sójú kan láti bi wọ́n pé báwo ni ohun kan náà ṣe ń ṣẹlẹ̀ yípo ọdún, tí ó fi jẹ́ pé ìdí rẹ̀ ni ó ń yí padà.

Ìyókù okùn tí ó ń rọ̀ lẹ́yìn kókó, tí kò ju ìka ọwọ́ lọ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ta tapólì, ti gùn títí ó fi kan ilẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó kọ́ Káfíńtà lẹ́sẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà á nù. Ó mú ọ̀bẹ, ó gé okùn náà mọ́ ìdí kókó, ó sì jù ú sínú iná ìdáná. Aránṣọ wò ó bí ó ṣe ń jó. Ẹni tí ń fi òwú ṣiṣẹ́ mọ̀ pé ohun tí a bá fà gùn a máa tín-ín-rín. Èyí tí ó ń jó yìí nípọn bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Nǹkan kan kọjá lọ́kàn rẹ̀, ó kéré bí ohùn ẹ̀fọn. Oníbàárà kan wá kí i lẹ́yìn, ó sì dìde lọ wọn àyà àti ìbàdí.

Òjò ọdún kejì bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán. Aránṣọ ti mú tapólì sọ̀ kalẹ̀ sí ojú ti òjò, ó ti so gbogbo okùn pinpin, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Òjò náà kò le. Ó ń rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ọ́rọ́, Màmá ti sùn lọ. Aránṣọ gbé ojú sókè láti ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó sì rí i pé omi etí tapólì kò bọ́ sínú kòtò. Ó ń bọ́ sí ìta rẹ̀, ó kọjá kòtò dáadáa, ó ń lu ilẹ̀ lásán, ẹrẹ̀ sì ń ta sókè. Inú kòtò fúnra rẹ̀ gbẹ.

Ó jókòó síbẹ̀, òwú wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Kòtò kò kúrò níbi tí wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Àwọn òpó wà nínú ihò wọn, òkúta sì wà nídìí wọn. Ojú tí okùn jókòó sí lára òpó kò yí padà. Tapólì kì í dàgbà. Okùn lè gùn, ó lè kúrú, ṣùgbọ́n aṣọ tí etí rẹ̀ ti kọjá ibi tí ó ń dé ní èṣí, òun fúnra rẹ̀ ni ó ti rìn, ohun tí wọ́n sì so ó mọ́ lẹ́yìn ni ó ń bá a rìn. Ó yí ojú padà díẹ̀díẹ̀ síbi tí Màmá sùn sí. Ògiri náà dúró lókè orí ìyá náà, ó dàbí ògiri. Ojú lásán kò rí nǹkan kan lára rẹ̀.

Ó dìde, ó wọ inú òjò, ó yí ilé ká, ó sì ṣí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn.

Omi ni ó pàdé rẹ̀. Yàrá tí kò ní òrùlé ti ń gba òjò sínú láti èṣí bí agbada. Ọyẹ́ àti ooru kò rí i gbẹ tán, òjò tuntun sì ti ń kún un. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ fò sí ìhín sí ọ̀hún. Ìdí ògiri ẹ̀yìn ti rà. Sìmẹ́ńtì ti ṣí kúrò lára rẹ̀ bí èépá, amọ̀ inú rẹ̀ sì ti di ẹrẹ̀ tí ènìyàn lè fi ìka wa. Ó gbé ojú sókè wo igun tí ògiri náà ti pàdé ògiri ẹ̀gbẹ́. Ìmọ́lẹ̀ wà níbẹ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, ó ń fẹ̀ sí i bí ó ṣe ń gòkè. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ wọlé títí dé ọrùn ọwọ́, ìka rẹ̀ sì kan etí tapólì lódìkejì.

Nígbà tí Káfíńtà dé ní ìrọ̀lẹ́, Aránṣọ kò fún un ní oúnjẹ. Ó mú un lọ́wọ́ lọ sí yàrá náà. Káfíńtà dúró nínú omi, ó wò ó láti ìdí dé òkè. 

"Ó lè ti wà bẹ́ẹ̀ tipẹ́."

"Kò wà bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ó ń lọ ni. Àwa la sì ń fà á. Gbogbo ìgbà tí mo bá fa okùn yẹn, mo rò pé tapólì ni mò ń fà."

"Màá gbé igi tì í. Tí n bá ti parí òrùlé Olùkọ́ tí mò ń kàn lọ́wọ́, màá wá pákó tó le ju àwọn tó wà nílé lọ, màá fi gbé e dúró."

"Màmá ńkọ́?"

Wọ́n lọ bá Màmá. Kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà dé ìdajì.

"Ògiri tí mo fi oyún yìí pọnmi sí!" Ó na ìka sí Káfíńtà. "Oyún tìẹ! Ìwọ lo wá ń sọ fún mi pé kò dúró dáadáa? Ìwọ tí o kọ́ láti rìn nípa dídì í mú?"

"Màmá, mo rí i. Ọwọ́ mi wọ inú rẹ̀," ni Aránṣọ wí. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sínú yàrá wa. Àwa á wá ibi tí a máa sùn."

"Inú yàrá tó kún fún pákó, tí mi ò lè na ẹsẹ̀? Ìyàwó, sọ tòótọ́. Ibi tútù yìí lo fẹ́ gbà fún ẹ̀rọ rẹ."

Aránṣọ dìde, ó gbọn ẹrẹ̀ kúrò lórúnkún rẹ̀. 

Káfíńtà ni ó là wọ́n níjà, àlàyé rẹ̀ sì dára létí. Ó ní ìjì àti òjò ni ó ń wó ògiri. Nítorí náà, bí òjò bá ti ṣú, kí wọ́n gbé Màmá wọ yàrá iwájú, kí ó sì sùn síbẹ̀. Bí oòrùn bá ti yọ, kí wọ́n dá a padà sí abẹ́ tapólì títí òun yóò fi rí pákó. Màmá kùn, ó gbà. Awakọ̀ pàápàá, tí ó wá gbọ́ ohun tí ariwo náà jẹ́, mi orí pé ó bọ́gbọ́n mu. Láti èṣí ni tapólì ti ń kọ́ gbogbo wọn pé ojú ọjọ́ ni ewu ń bá wá, àti pé ẹni tí ó bá ti mọ ìgbà ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Aránṣọ nìkan ni ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, kò sì rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi ṣàlàyé rẹ̀ ju pé òun kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí òun kúkú tú tapólì.

"Kóòrùn máa pa Màmá? Ṣé o fẹ́ káyé máa sọ pé ìyàwó mi lé ìyá mi síta ni?"

Wọ́n ń gbé Màmá wọlé, wọ́n ń gbé e jáde. Òjò rọ̀ léraléra, ògiri kò wó. Lójoojúmọ́ tí kò bá wó, Màmá a wo ìyàwó rẹ̀ láti ẹsẹ̀ dé orí. "Ògiri rẹ ńkọ́?" ni yóò wí. "Ṣé ó ti gbàgbé ni?" Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wo igun yàrá yẹn láràárọ̀ kí ó tó bomi sójú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i pé òun ti ń retí kí ó wó. Ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á.

Òjò dá. Ọjọ́ náà mọ́ rekete, ojú ọ̀run funfun, kò sí afẹ́fẹ́ tí ó lè mi ewé. Káfíńtà jáde lọ gbé pákó níkẹyìn. Aránṣọ gbé Màmá sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó sì fa gbogbo okùn le, nítorí tapólì ti sọ̀ láàárín, Màmá sì ń ráhùn pé ó ń kan òun lórí. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀. Yẹ̀rì oníbàárà kan ni ó ń rán. Kò tíì rán an yípo nígbà tí òjìji bọ́ sórí ọwọ́ rẹ̀. Ó wòkè. Tapólì ti tún sọ̀ wálẹ̀.

Ó wá ìdí. Kò sí omi lórí rẹ̀. Oòrùn kò tíì mú. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Àwọn òpó dúró ṣinṣin. Ó wo gbogbo ìgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí èyí tí ó lè bá a jẹ́rìí sí i. Lójú rẹ̀ níbẹ̀, okùn tí ó wà nítòsí rẹ̀ jù sọ̀ sí i, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ojú ẹni tí oorun ń kùn.

Kò pariwo. Ó dé ọ̀dọ̀ Màmá, ó yí ẹ̀yìn sí i, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa apá rẹ̀ méjèèjì wá síwájú, ó sì gbé e pọ̀n.

"Kí lèyí? Kí lò ń ṣe? Ẹ gbà mí o!" Màmá fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú léjìká. "Sọ̀ mí! Sọ̀ mí, ọmọ tí ò lẹ́kọ̀ọ́! Mo ti mọ̀ pé o máa pa mí!"

Ó sáré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbá ẹ̀rọ ìránṣọ, ó fi í sílẹ̀. Ó kọjá àwọn òpó, ó kọjá kòtò, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé jáde sí ojú títì, ẹ̀ṣẹ́ Màmá sì ń bọ́ lé e lórí, lọ́rùn, létí.

Ògiri náà kò dún bí wọ́n ṣe rò pé ògiri ń dún. Ó dún bí ẹni tí ó sọ ẹrù kalẹ̀ tí ó sì mí kanlẹ̀. Eruku díẹ̀ ni ó yọ, nítorí pé ó tutù.

Ẹ̀ṣẹ́ Màmá dúró.

Àwọn méjèèjì ṣì wà lójú títì, Aránṣọ kò lè mí dáadáa, nígbà tí Káfíńtà gba ojú ọ̀nà kejì dé ẹ̀yìnkùlé, pákó wà lórí rẹ̀. Wọ́n gbọ́ bí pákó ṣe bọ́ sílẹ̀. Tapólì ti tẹ́ bo gbogbo òkìtì náà, ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà sì yọ gbangba lábẹ́ rẹ̀. Káfíńtà kò pe ẹnikẹ́ni. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ wa amọ̀. Aránṣọ tẹ̀ síwájú dé etí ilé. Màmá ni ó sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀, ohùn rẹ̀ kéré bí ti ọmọdé.

"Ọmọ mi. Ọmọ mi, mo wà níbí."

Káfíńtà yí padà. Amọ̀ bo ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ó wò wọ́n bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí, ó sì jókòó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, lórí ẹrẹ̀. Awakọ̀ sáré dé láìwọ bàtà. Ó wo òkìtì, ó wo Màmá, kò rí àwàdà kankan ṣe.

"Ẹ gbé wọn wọlé," ni ó wí níkẹyìn. "Ẹ gbé Màmá wọ yàrá iwájú, kí wọ́n sinmi."

Aránṣọ gbọ́, ó sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀wọlé nígbà tí apá Màmá fún un lọ́rùn.

"Dúró."

Ó dúró.

"Ọwọ́ kan náà ló mọ èyí," ni Màmá wí. "Omi kan náà ni mo pọn sí i."

Aránṣọ gbé ojú sókè. Ògiri ẹ̀gbẹ́, tí ó so yàrá méjèèjì pọ̀, dá dúró báyìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ sí òfo. Lókè, níbi tí òrùlé yàrá iwájú ti jókòó lé e, ògiri náà ti là ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ó lè ti wà bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Káfíńtà náà ti ń wò ó láti ibi tí ó jókòó sí, kò sì sọ ohun tí ó fà á.

Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn kúrò lórí àtẹ̀wọlé. Ó tún Màmá gbé sókè lẹ́yìn rẹ̀, ó sì padà sójú títì, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, ó ń wá ibi tí yóò sọ̀ ọ́ sí.